Màámi, Abẹ́ Táìlì Wo Lẹ Wà?

Màámi àtàtà,

Èmi ni, Dáwódù yín. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ó rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń gbà lọ o. Bí mo tiẹ̀ sùn di ọ̀sán, mo máa ń jí bá a lórí èjìká mi ni. Ìwé mẹ́wàá péré sì ni mo kà, nítorí náà ẹ fara da bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀ yìí.

Káyọ̀dé àbúrò mi ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. Wọn ò padà mọ́. Inú ilé yín níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ń gbé, èmi sì wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé lónìí, ẹ ó rò pé ẹ ti ṣìlé. Pálọ̀ funfun báláú. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí ẹ to àwo sí, àwo tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí. Kò sí kàlẹ́ńdà ìjọ mẹ́fà lára ògiri. Àga ńlá kan, tábìlì kúkurú kan, iná tó fara pamọ́ sínú àjà tí ẹ ò ní rí gílóòbù rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsinsìnyí ò ní ọwọ́ tí èèyàn ń dì mú. Ẹ ó kàn fọwọ́ tì í, á sì ṣí. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ibi tí wọ́n ń kó ife sí.

Tómi, ọmọbìnrin tí Káyọ̀dé gbé iṣẹ́ títún ilé náà ṣe fún, ní ohun tó bá ti pọ̀ jù lójú, ariwo ni. Mo rántí bí ẹ ò ṣe jẹ́ ká já ọ̀rá kúrò lára àga wa fún ọdún méje, tí itan wa ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà ooru. Ẹ̀yin náà ń wá ẹwà nígbà yẹn. Ó kàn jẹ́ pé tiyín ń pariwo díẹ̀ ni.

Ilé náà rẹwà, Màámi. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Ẹ̀yin lẹ sọ pé inú ilé yín ni ká sin yín sí, a sì sin yín sí fàráńdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. A mọ ibojì náà sókè dé orúnkún, a fi táìlì aláwọ̀ ewé bò ó. Orí rẹ̀ la ti ń bó ẹ̀gúsí. Orí rẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ ò dá wà rí. Nígbà tó yá, Tómi fẹ́ kí pálọ̀ gba fàráńdà mọ́ra, kí gíláàsì wà láti òkè délẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni, ó kúnlẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé a lè mú ibojì Màmá wálẹ̀, kó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀? A ò ní fọwọ́ kan wọn. Òkè nìkan ni."

Káyọ̀dé wo ojú mi, torí èmi ni àgbà. Mo ní kò burú. Àmọ́ nínú ọkàn mi, mo ti pinnu pé táìlì kan á yàtọ̀ ní ọ̀gangan orí yín, ká lè máa mọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀, mo yọ táìlì ewé kan lára èyí tí wọ́n hú, mo gbé e sábẹ́ apá, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Táìlì tuntun náà tóbi bí ilẹ̀kùn, àwọ̀ eérú ni, wọ́n sì ń tẹ́ ẹ lọ rabata láìsí ìlà tó hàn láàárín wọn. Tómi rí mi.

"Dádì, kí lẹ mú dání yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ fi dí ihò kan lẹ́yìn ilé ni."

Ìtìjú ni, Màámi. Mo rò pé wọ́n á ní ará oko ni mí, ẹni tí ò rí ohun tó dáa rí. Ẹ mọ̀ mí. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ti kọ́ tí mo pa tì, gbogbo ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ni mo ti máa ń gbé e mì. Ta ni mo fi jọ, ẹ̀yin àbí Bàbá?

Wọ́n ti wó òpó, wọ́n ti wó ògiri fàráńdà. Ìgbà tí iṣẹ́ parí, mo wọlé, mo wò yíká, mi ò mọ ibi tí ẹ wà mọ́. Mo fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, àṣé ẹnu ọ̀nà gan-an ti kúrò níbi tó wà. Mo pe Tómi lórí fóònù. Ó ní ibojì ò sí nínú pláànù, àwọn tó sì tẹ́ ilẹ̀ ti padà sí Kútọnu.

Sunday tó kọjá ni ọjọ́ ìrántí yín. Àǹtí Ìbẹ̀fun, àbúrò yín, wá. Ẹ mọ ìṣe wọn: kí wọ́n tó mu omi, wọ́n á fọwọ́ kan ibojì yín kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, wọ́n á wá kí yín. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n mú bàtà dání.

"Yéè! Ìgbà wo lolè wá?"

Bùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Olè ò wá, Àǹtí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Wọ́n kó gbogbo ẹrù yín lọ, ẹ ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Káyọ̀dé wò mí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wò mí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo rí àgbàlagbà yìí, tó wọ mọ́tò méjì kó tó dé, mo sì nàka sí àárín àga àti gíláàsì.

"Ibí ni, Àǹtí. Ibí ni orí wọn wà."

Ohùn mi ò gbọ̀n rárá.

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o. Eékún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo wá." Wọ́n sọ ti ojú wọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n sọ ti ọmọ wọn tí kì í pè wọ́n. Wọ́n sunkún, wọ́n fi ìborùn nujú, wọ́n sì dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Wọ́n gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n lára."

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ti di ibi yín. Bùkọ́lá ti sún àga ńlá kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ń yà á kọjá. Èyí àgbà máa ń tẹrí ba, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," kó tó lọ síléèwé. Bí mo bá wá sọ òtítọ́ báyìí, kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Àǹtí? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ṣé bá a ó ṣe máa kí ilẹ̀ lásán títí nìyẹn? Ṣé ọ̀rọ̀ Àǹtí dé ọ̀dọ̀ yín ṣá? Àbí àdúrà náà máa ń ṣìnà?

Lálaalẹ́ ni Káyọ̀dé ń pè mí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá jókòó, ká jọ wo bọ́ọ̀lù." Àga náà rọ̀ bí òwú, ẹsẹ̀ sì ń ro mí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n sún un sí yẹn, Màámi, bí mo bá rò ó síwá sẹ́yìn, ó ń ṣe mí bíi pé ibẹ̀ gan-an lẹ wà.

Mo máa ń sọ fún un pé ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ò sì lè jókòó,

Dáwódù