Mo Fi Orúkọ Màmá Mi Sínú Ọ̀rọ̀ Tí Àbúrò Wọn Kò Sọ

Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, irọ́ ni mo ti ń pa fún màmá mi, Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló sì máa tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ nílé.

Mo ti parí yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo wà lọ́dọ̀ màmá mi ní ìlú kékeré kan létí Ìrókò, mò ń wáṣẹ́. Màmá mi ń yan gààrí. Àbúrò wọn ọkùnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ni òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ má sì bínú pé mò ń pè é ní "ó" bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni, mi ò fẹ́ kó dàrú mọ́ ti màmá mi lójú yín ni. Òkè òkun ló ń gbé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, Gẹ̀ẹ́sì ni, màmá mi ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni ògbufọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀...

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, a jókòó sídìí pákí, èmi, màmá mi àti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bẹ ẹ́. Mo ṣí fídíò rẹ̀ lórí fóònù kí gbogbo wọn lè wò ó. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìtàn sísọ nígbà tó wà ní kékeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà òun ni, ìyá bàbá òun, tó máa ń kó àwọn ọmọ ilé jọ sábẹ́ òṣùpá, tó máa ń pàlọ́ fún wọn. Màmá mi dá ọbẹ dúró. Wọ́n ní kí ló wí? Gbogbo àwọn obìnrin yẹn gbójú sókè, wọ́n ń wò mí. Mo ní, "Ó ní ẹ̀yin ni."

Ẹ̀yin ará, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, ẹnu mi ló sọ ọ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi nù ún nítorí omi pákí tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi oríkì pè é, wọ́n ní, "Àyìnlá! Àyìnlá ò gbàgbé mi!" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n Òǹkọ̀wé, ẹ rọra o, ẹ má bẹ ọwọ́ mọ́ pákí," ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n títí dòní nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ? Nígbà tí fídíò mìíràn jáde, mo tún fi wọ́n sí i... èyí tó tẹ̀ lé e, mo tún fi kún un...

Ẹ lè ní bóyá òótọ́ ni àbúrò wọn ń sọ nípa ìyá àgbà. Èmi náà yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá mi ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá àgbà yẹn, ẹ̀yìn òun ni àbúrò òun wà, kò tíì rìn. Ẹ̀rí ẹnì kan ò tó, mo bi bàbá àgbàlagbà kan tó mọ ilé wọn, ohun kan náà ni wọ́n sọ, wọn ò sì mọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá tó bí àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ àìsàn. Màmá mi fi ilé-ìwé sílẹ̀, wọ́n ń bá àwọn ènìyàn bẹ pákí gbowó, àbúrò wọn á jókòó tì wọ́n, á máa sunkún pé kí wọ́n pàlọ́ fún òun. Ọ̀sán gangan sì ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, wọ́n ní ìyá ẹni tó bá ṣe é á kú. Ẹlòmíràn lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìyá tiwọn wà nínú yàrá, ó ń kérora... Tó bá sì di alẹ́, ọmọ á ti sùn lọ. Ni màmá mi bá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú, ti ìyàwó tó kó jáde, ti bàbá tó ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ ṣàríyànjiyàn, wọ́n á yí orúkọ padà, wọ́n á ní ìlú mìíràn ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe àlọ́, ìròyìn ni. Bí ọmọ náà bá ti dá ẹni tí wọ́n ń sọ mọ̀, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á tún un sọ títí kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Ìyá wọn padà kú. Wọn ò sì pàlọ́ lọ́sàn-án rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé rẹ̀, ṣé kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń yìn ín fún nìyẹn? Obìnrin inú ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí, tó sá nílé ọkọ tó ń padà wá yọjú wo ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, màmá mi ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi kí n tó mọ̀wé kà. Ọmọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà nínú ìwé kò ní ẹ̀gbọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí màmá mi ní kí n ka ìwé náà fún òun, mo fo ibẹ̀.

Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń pè, ó máa ń rántí wọn nígbà Iléyá. Màmá mi ò dúpẹ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ rí, wọ́n ní a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ pé ó mọ ẹni tó pọ̀n ọ́n. Bóyá ìgbà kan ló fi ohun tí àwọn òyìnbó fẹ́ gbọ́ dá wọn lóhùn, tí kò sì rí i yí padà mọ́. Bóyá ó ti gbàgbé lóòótọ́. Mi ò mọ̀. Ta ni èmi tí n óò dá a lẹ́jọ́, èmi tí mo há sínú irọ́ tèmi?

Ó ń bọ̀ ní Sátidé. Ó kọ́ yàrá ìkàwé fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa, yóò sì bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà. Yorùbá ni yóò sọ. Màmá mi ti pe gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń bẹ pákí kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Obìnrin kan ní, "A ó gbọ́ ọ fúnra wa, ká lè mọ̀ bóyá ọmọ yín ti ń bá wa fi iyọ̀ sí i." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣé kí n sọ fún màmá mi kó tó di ọjọ́ náà? Wọ́n á bi mí pé ta ló wá dárúkọ, kí ni n óò wí? Ṣé kí n pè é kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ wọn? Bí ó bá dárúkọ wọn torí pé mo bẹ̀ ẹ́, ṣé òun ló sọ ọ́, àbí èmi náà ni mo tún sọ ọ́? Mo ti ṣí nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù láti àná, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́...

Etí màmá mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ní àárọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n jókòó ti òun níbẹ̀, bí àbúrò òun bá ti dárúkọ òun kí n fọwọ́ kan òun, kí òun lè dìde kí gbogbo ìlú rí òun. Mo ní mo ti gbọ́, Ìyá mi. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá sọ̀rọ̀ títí tó fẹ́ jókòó tí kò dárúkọ wọn, tí màmá mi bá kọjú sí mi, kí ni kí n ṣe?