Ọwọ́ Ọ̀tún fún Erè, Ọwọ́ Òsì fún Àgbádú

Kúlúsúmù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa ní Ẹdẹ ń dúpẹ́. Iyọ̀ ò tó ọbẹ̀, ọṣẹ wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n a ń jí. Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ọ̀wọ́n ayé ṣọ́jà yìí gbé ọ mì.

Agbọ̀n tí o fi rán dẹ́rẹ́bà ti dé. Ó ní àwọn ṣọ́jà tú ẹrù gbogbo èrò ní Sekona, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣí agbọ̀n yẹn díẹ̀ tí ejò àgbádú yọrí, ọ̀gá wọn ní kí mọ́tò máa lọ, kò béèrè ìwé mọ́.

O ní ọgbà ẹranko yín ò rí oúnjẹ fún un mọ́, kí n bá ọ sìn ín, kí n fi sí àhámọ́, kó má bá Ẹ̀rọ̀, erè tí bàbá rẹ gbé bọ̀ láti oko Alajue, pàdé, torí àrùn tí ò ṣe àgbádú ní nǹkan kan lè pa erè. Mo fi sí yàrá ewúrẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, pé àwọn èèyàn ńlá náà wà ní àhámọ́ báyìí, wọn ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

O tún kọ ọ́ pé, "Ọwọ́ tí ẹ bá fi kan ọ̀kan, ẹ má fi kan èkejì." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún fún Ẹ̀rọ̀, ọwọ́ òsì fún àgbádú. Ṣùgbọ́n àgbádú ò jẹun, ó kàn ká jọ bí òkùnkùn tó gbàgbé láti lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Afọlábí, aládùúgbò wa, ní, "Ìyá Kúlúsúmù, ta lẹ máa fọwọ́ òsì gbé oúnjẹ fún tí ò ní bínú? Àlejò mà ni." Ojú tì mí. Mo fọwọ́ ọ̀tún gbé eku fún un, ó sì jẹ ẹ́. Inú mi dùn, mo fi ọwọ́ kan náà pa Ẹ̀rọ̀ lórí láti ròyìn fún un.

Láti ìgbà náà ni Ẹ̀rọ̀ ti ń yanu, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Mímí rẹ̀ ń dún bí òjò tó ṣú láti ìhà ìlú Ara tí kò tíì dé. Bí mo bá jókòó tì í lọ́sàn-án, oorun á gbé mi, màá rí bàbá rẹ tó ń ti inú kùrukùru bọ̀ láti oko, erè kékeré lọ́rùn rẹ̀ bí ìborùn. Ọwọ́ mi ló máa ń wò.

Ìyábọ̀ tó ń sin adìyẹ ní Sekona ló là mí lójú pé ọṣẹ lò ń wí, kí n fọwọ́ kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, kì í ṣe ọ̀tún àti òsì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Afọlábí ti gbé àgbádú lọ sílé rẹ̀, mi ò sì yà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ̀ wà níbi tí oòrùn ń ta sí. Ó lá omi díẹ̀ láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá yóò yè. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, àti ọṣẹ, ìwọ̀nba tí o bá rí. Bí o ò bá rí ìkankan, ìwọ ṣáà máa bọ̀, kí Ẹ̀rọ̀ lè rí ojú rẹ.

Àdúà mi ni pé ohun tí o bá fẹ́ràn, kó má tipasẹ̀ ọwọ́ rẹ kó àrùn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwáwù