Agogo Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Adigbẹ, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1986.

Bùsírátù, ọ̀rẹ́ mi,

Mo nírètí pé ara rẹ le, àti pé baálé rẹ àtàwọn ọmọ ń gbádùn ní Kàdúná. Mo tún kí ọ kú àsẹ̀yìndè Màmá. Lẹ́tà ọpẹ́ rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní mo tọ́jú ìyá rẹ bí ìyá mi. Jọ̀ọ́, gba ọpẹ́ rẹ padà ná. Màá sọ bí Màmá ṣe kú fún ọ, kí ìwọ fúnra rẹ wá wò ó bóyá ọ̀rẹ́ ṣì ni wá.

Ní wọ́ọ̀dù wa, ẹ̀rọ kan ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan tó ń ṣọ́ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Bí nǹkan bá ṣe é, agogo ẹ̀rọ náà á ké. Àmọ́ bí aláìsàn húkọ́, á ké. Bí wáyà yẹ̀, á ké. Kò pẹ́ tí gbogbo àwa nọ́ọ̀sì fi kọ etí ikún sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ gbogbo igbe rẹ̀ sílẹ̀: aago mélòó ló ké, bẹ́ẹ̀dì ta ni, kí ló fà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ké ju igba ìgbà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án péré ló jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀dì Màmá ni ìdajì irọ́ náà ti wá, torí wáyà ibẹ̀ ti gbó.

Màmá nìkan ni ohun tí mò ń ṣe yé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Táyọ̀, máa kọ ọ́. Bí èmi ò bá ka iye ìgbà tí mo rẹ aṣọ sínú aró, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti tó?"

Àfi lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọn, Àlàájì Sàlàhúdíìnì, wá kí wọn láti Owódé, tí wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́. Wọ́n figbe ta: "A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ! Kí lo wá ń ka àìsàn àbúrò mi sí? Ṣé ìwé ikú lò ń kọ ni?" Ni gbogbo wọ́ọ̀dù bá ń wò mí bí àjẹ́. Mátíróònù wa, Ìyáàfin Òkè, ò tiẹ̀ ṣí ìwé náà wò. Wọ́n gbà á, wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́. Wáyà tuntun tí mo ní kí wọ́n bá wa béèrè fún bẹ́ẹ̀dì Màmá, wọn ò béèrè. Kí ariwo lè tán, wọ́n ní kí n pa agogo Màmá.

Mo pa á, Bùsírátù. Mo mọ̀ pé òótọ́ ń bẹ láàárín irọ́ rẹpẹtẹ yẹn, síbẹ̀ ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á, torí mò ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àlejò kún wọ́ọ̀dù fọ́fọ́, Màmá kọjú sí ògiri. A rò pé oorun ni. Nígbà tí mo máa fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n ní Ọlọ́run ló mú wọn lọ. Kí wọ́n má fi Ọlọ́run bojú o! Inú ń bí mi sí Àlàájì, ó ń bí mi sí Mátíróònù, àmọ́ ara mi gan-an ni mi ò lè dárí jì.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ Màmá. Kó dá ìwọ àtàwọn ọmọ sí, kó má sì jẹ́ kí ẹ bọ́ sọ́wọ́ irú wa láé.

Èmi ni, ẹni tí ò ń pè ní ọ̀rẹ́,
Adétáyọ̀.

Mo gbàgbé: wọ́n pààrọ̀ wáyà bẹ́ẹ̀dì náà lánàá. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.