Kírísítà Nusaybah Nínú Òkúta Ẹ̀wà

                              Fúláàtì 18,
                              Commercial Way,
                              Peckham,
                              Lọ́ńdọ̀nù.
                              Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ìyá Yusrah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún tó ń dùn ẹ́ ńkọ́? Ṣé ikọ́ Bàbá Yusrah ti rọlẹ̀? Yusrah ìyàwó tuntun ńkọ́, ṣé ó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ dáadáa? Òtútù ti dé síbí, àmọ́ a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ara le.

Ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́ ní Ọjọ́rú tó kọjá. O mọ̀ pé Nusaybah ń kàwé dókítà, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣe kírísítà, irú òkúta wẹ́wẹ́ kan, nínú ìléru. Èyí tó dára jù kò ju hóró ìrẹsì lọ, dúdú. Ó dúró odidi ọdún kan kí wọ́n tó fún un ní ọjọ́ méjì péré níbi ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Bí kò bá gbé e débẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó parí nìyẹn.

Èmi ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. O mọ̀ mí, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára ọ̀rá pé ó mọ́, mo gbọ́dọ̀ ṣà á. Òun náà ṣí kírísítà rẹ̀ sórí bébà funfun, ó ń wò ó, ó wá dìde lọ kírun Àlàásárì. Mo rí òkúta dúdú lórí bébà, mo rò pé èyí tí mo ti ṣà ni. Mo da ìyókù mọ́ ọn, mo ká a, mo jù ú sínú báàgì ìdọ̀tí, mo sì gbé e lọ sí bíìnì ńlá nísàlẹ̀.

Yéè! Ìgbà tó kírun tán tó padà wá, kò rí bébà rẹ̀ mọ́. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Mummy, ẹ ò tiẹ̀ mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Ẹ ò bi mí rí." Ó dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Àdúrà ni mo ń gbà fún un ṣáá.

Bí mo ṣe kó sínú bíìnì nìyẹn, tòun ti híjáàbù mi. Bùrọ́dà Kóyọ̀dé, ará Aládùúrà tó ń gbé lókè wa, ń lọ sí ìsìn nínú sùtánà funfun. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ń bá mi fa báàgì jáde. A rí bébà náà, àmọ́ òkúta méje ló wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo ṣa kírísítà náà jáde: òkúta ẹ̀wà kì í ní ẹ̀gbẹ́ tó gún régé báyẹn.

Bá a ṣe ń fọwọ́, mo bi í léèrè. Ó ní bí a bá mú ohun gbogbo tó wà lápá kan kírísítà náà gba àárín kọjá sí òdìkejì, kò ní rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá sì ti tutù gidi, ó ń di òòfà fúnra rẹ̀. Méjèèjì yìí, ó ní, lè la ọ̀nà kan fún iná mànàmáná lójú òde rẹ̀, ọ̀nà tí àbùkù kékeré kò lè dí. Ohun tó fẹ́ lọ wò nìyẹn. Mi ò lóye gbogbo ẹ̀ o, àmọ́ ojú ọmọ náà ń tàn bó ṣe ń sọ ọ́, ni mo bá ní kó tún un sọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo jìnnà sí tábìlì. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti na àpótí kékeré náà sí mi: "Mummy, ẹ wọ kóòtù. Ẹ bá mi gbé e dání dé ibẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e dé ibi ẹ̀rọ náà, mi ò gbé fóònù rárá.

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá Bàbá Yusrah.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé kéwú,
Àsúmáù, Ìyá Nusaybah