Eré Inú Tẹlifíṣọ̀n tí Mo Rà fún Ìyá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olówó orí ìyá mi,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí àga yín, láàárín ìgàn aṣọ tí kò tíì rí olówó. Ọjà ò yá mọ́. Àwọn tó ń ná owó yuréníọ̀mù bí ẹni ń da omi nù nígbà tí ẹ wà láyé ti ń dín kù ní Niamey. Wọ́n ní iye tí wọ́n ń ra òkúta náà lókè òkun ti já wálẹ̀, àwọn òyìnbó tó ń wà á lápá àríwá sì ń di ẹrù wọn lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn sójà ṣì wà lórí oyè. Ìyẹn ò yí padà.

Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ sọ ló wúwo lẹ́nu mi. Ẹ̀gbà mú Ìyá. Ó di oṣù márùn-ún báyìí. Ó jókòó sínú àgbàlá wa ní Lazaret, ó ń ṣa ẹ̀wà, ni àwo bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ ò sì jáde mọ́. Ìyá o, Bàbá! Ìyá tí ẹ máa ń sọ pé tó bá ń yọwó ọjà, ẹni tó wà lódìkejì odò á gbọ́. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wa lóògùn, wọ́n ní ká máa gbàdúrà. Bí dókítà bá ti ní kí èèyàn máa gbàdúrà, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà nínú ara rẹ̀. Bí mo bá kí i, ojú lásán ló fi ń wò mí. Nígbà mìíràn ojú náà á kọjá lára mi lọ sára ògiri. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, máa ń ti Kirkissoye kọjá afárá wá wò ó ní àwọn ọjọ́ Àìkú kan. Bó bá jókòó tì í pẹ́, á mi orí, á ní ara ló kù, ẹni tó ni ín ti lọ. Inú máa ń bí mi sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, èmi náà á bi ara mi bóyá òótọ́ ló sọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré yìí ti wọlé. Òyìnbó kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi fún ìyàwó rẹ̀ ń padà sílé, ó ní kí n wá wo ẹrù tó fẹ́ tà ní Koira Kano. Fìríìjì ni mo bá lọ. Àpótí dúdú kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, kò ju páálí ṣúgà lọ, wáyà méjì jáde lára rẹ̀, ohun tí wọ́n ń yí bíi ti rédíò sì wà lẹ́nu wáyà kọ̀ọ̀kan. Ó tan án. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, igi funfun kúkúrú méjì yọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bọ́ọ̀lù kan tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn. Bí o bá yí ti ọwọ́ rẹ, igi tìrẹ á gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀ láti dá bọ́ọ̀lù padà. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá rẹ, ẹnì kejì ti jẹ ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló borí. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, Bàbá. Kò sí èèyàn, kò sí ìlú, kò sí orin. Tó, tó, tó ni, bí adìẹ tó ń ṣá páànù.

Ọwọ́ òsì ni òyìnbó náà fi ń yí i, nítorí pé sìgá wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ni mò ń wò. Ọwọ́ òsì Ìyá ṣì yè.

Owó àgbò méjì ló pè é. Ẹ̀yin ì bá ti ṣí fìlà yín, ẹ ì bá wo inú rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni iye tó tọ́ wà, ẹ ì bá sì rìn dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi sanwó. Ọmọ yín, tí ẹ fi ogún ọdún kọ́ ní ìyọwó, ò yọwó. Mo fi fìríìjì sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbé àpótí dúdú lọ sílé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní ṣé wọ́n ń sè é ni àbí wọ́n ń yan án. Lọ́jà, mo di ẹni yẹ̀yẹ́. Aládùúgbò mi tó ń ta bàtà ní bí òun bá fẹ́ wo ohun tó ń lọ tó ń bọ̀, òun á lọ jókòó sórí afárá, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò lè bá a jà. Èmi náà ti ń rò ó pé kí ni mo rà gan-an? Àmì funfun kan ṣáá ni.

Tẹlifíṣọ̀n ìjọba kì í ṣí títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀gá sójà bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀sán ni mo máa ń so eré náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Mo gbé àpótí kékeré síwájú Ìyá, mo fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lé ibi tí wọ́n ń yí. Ọjọ́ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, igi rẹ̀ mira. Mo rò pé ojú mi ni. Ó tún mira, ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì dá bọ́ọ̀lù padà sí mi. Bàbá, igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi sáré wọlé tòun ti ìgbákọ lọ́wọ́. Ojú Ìyá ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà lọ, ó ń tẹ̀lé e bọ̀. Ẹni tó ni ara ò lọ síbì kan. Ilé ló wà.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ là ń ṣe é, ojoojúmọ́ ni mo sì ń fi í sílẹ̀ kó borí. Ta ni yóò jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, tí yóò máa jẹ ẹ́ láyò? Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ kí láàárọ̀, ṣé mo wá lè máa borí rẹ̀ lọ́sàn-án? Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, màá jẹ́ kó kọjá, màá wá pariwo pé, "Ìyá, ẹ tún ti jẹ mí o!" Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jẹ méjì, òun jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ó yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó gbé e lé itan rẹ̀. Bí ó ṣe jáwọ́ nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún gbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ náà á yọ́ kúrò. Mo ṣebí àìsàn ló tún dé.

Aburú ibẹ̀ ni pé mo ti sọ fún Bàbá Kékeré kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ló wá. Mo tan eré náà, mo jókòó, mò ń gbàdúrà nínú. Bọ́ọ̀lù kọjá lára igi Ìyá lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, igi náà ò mira. Bàbá Kékeré ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, o ti gbìyànjú. Jẹ́ ká gbé e lọ sílé." Ó ti rí ọkọ̀ ará ìlú wa kan tó máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á tẹ́ ìtẹ́lẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, sà. Kí ni kí n sọ? Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, òun ló dúró sí ipò yín.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò lọ sọ́jà. Mo wà nínú àgbàlá, mò ń di ẹrù Ìyá, ni mo gbọ́ tó, tó, tó láti inú yàrá. Ràmátù ọmọ mi ti dé láti ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ẹ̀yin gbé e rí, òun ló máa ń fa irùngbọ̀n yín. Ó ń pariwo, "Mo jẹ yín, Ìyá àgbà! Mo tún jẹ yín!" Ó wá ń fi èdè Zarma bú bọ́ọ̀lù náà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ láti oṣù márùn-ún. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ́, ó ń já, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ìyá ni.

Bí mo ṣe wọlé, Ìyá gbé ọwọ́ lé itan rẹ̀.

Ràmátù wò mí bí ẹni tí mo dí lọ́wọ́. "Papa, kò fẹ́ bá yín ṣe. Ẹ̀ ń tìrìṣé. Ẹ̀ ń jẹ́ kó wọlé. Ó mọ̀." Tìrìṣé ni àwọn ọmọ ilé ìwé Faransé ń pe màgòmágó inú eré.

Ó mọ̀, Bàbá! Báwo ni mo ṣe gbàgbé irú èèyàn tí Ìyá jẹ́? Gbogbo ọdún tó fi ta àwo tánganran, ó ń fún èèyàn ní èènì, òun fúnra rẹ̀ ò gba èènì rí. Bí ẹlẹ́pà bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan kún tirẹ̀, á dà á padà sínú igbá, á ní ohun tí òun ò rà, òun ò ní gbé e. Ẹ máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé irú obìnrin yìí á dá ẹ̀bùn oyè padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bu èènì fún un, tí mo tún ń pàtẹ́wọ́ lé e.

Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo sì fi gbogbo agbára mi ṣe é. Òun jẹ mẹ́fà, mo jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo borí ìyá mi. Mi ò lè gbé ojú sókè, bí ẹni tó jalè. Ìyá na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ tuntun. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Nínú ìkẹta, ó fi méjì borí mi, mo sì fi Ọlọ́run búra fún yín pé mo làágùn. Ká ní wọ́n bi mí nígbà yẹn pé ṣé owó eré náà kò pọ̀ jù, màá ní kí wọ́n wá gba owó àgbò mẹ́wàá sí i.

Láàárọ̀ àná ni mo kọjá afárá lọ bá Bàbá Kékeré. Ó gbọ́ mi dópin. Ojú àánú ló fi ń wò mí. "Eré ọmọdé ni, ọmọ mi. Ọwọ́ Ràmátù lo rí." Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní òun ti wò ó. Òótọ́ ni, ó ti wò ó, èmi ni mo sì ba ohun tó ì bá rí jẹ́. Ó ní tí ọlọ́jọ́ bá dé bá Ìyá níbí, a ó ti sin ín kí ará ilé tó gbọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin.  Bàbá, ilẹ̀ níbí la sin yín sí. Ṣé ẹ kò fẹ́ kó dúró tì yín? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì tilẹ̀ jọ sọ ọ́ rí? Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà tí ẹnu yín ń ṣiṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́?

Iná mànàmáná ò tíì dé agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá di eré náà mọ́ ẹrù rẹ̀, páálí lásán ni yóò jẹ́ níbẹ̀. Mi ò sì tíì sọ fún Ìyá pé ó ń lọ. Mò ń di ẹrù níṣojú rẹ̀, mò ń purọ́ pé mò ń tún yàrá ṣe.

Lọ́sàn-án àná, òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Mo jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un. A jọ jẹ mẹ́rin mẹ́rin. Mo ṣèèṣì wo ọwọ́ òsì yẹn, bó ṣe ń yí i jẹ́jẹ́, bó ti gbọ́n sí i tó lọ́jọ́ méjì péré, mo sì rántí Ọjọ́bọ̀. Omi dà lójú mi. Mo yí ojú sí ògiri kó má baà rí i. Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò ríran. Bọ́ọ̀lù kọjá mi, ó tún kọjá, mò ń fi apá aṣọ nu ojú, ojú tún ń kún. Nígbà tí mo fi máa ríran, òun ti jẹ mọ́kànlá.

Eré náà dákẹ́ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo yíjú. Ó ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́sí. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó gbé e lé itan rẹ̀.

Bàbá, mi ò fi sílẹ̀ fún un o. Ẹkún ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, láì sọ ohun tó pa mí lẹ́kún? Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni ọkọ̀ yóò dé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn ẹ̀yin méjèèjì, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í hàn.