Ẹ̀wù Ìsàlẹ̀ Àpótí Ẹ̀gbọ́n Jayéọlá

Ẹ̀gbọ́n Jayéọlá, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ. Mọ́rẹ́olúwa ọmọ yín ti wọ Pólì. A ti kan òrùlé yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀. Màmá Mọ́rẹ́, ìyàwó yín, ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ilé wà, àmọ́ kò rí bí ilé mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kó ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìlaròó jọ, ẹ máa ń ní tá a bá fẹ́ mọ ojúlówó, ká má wo ojú ẹ̀wù, ká béèrè ẹni tó rí i lára ẹni tó wọ̀ ọ́.

A ò béèrè. Lẹ́yìn ìsìnkú, a pín aṣọ yín fún mọ̀lẹ́bí bí wọ́n ti ń ṣe. Ẹ̀wù bọ́ọ̀lù tó gbó, tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a fún Ọdẹkúnlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, pé kó máa fi roko. Èyí tó ń dán, tí wọ́n buwọ́ lù, ìsàlẹ̀ àpótí la ti bá a. A ní òun ni Kọ́mọláfẹ́, aṣọ́lé wa, wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa gba ife. Ta ló ń fi àkísà sí ìsàlẹ̀ àpótí? A fi í sínú jígí, a gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Lóṣù tó kọjá, Kọ́mọláfẹ́ fúnra rẹ̀ wá kí wa. Ó wo jígí náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi wo ló buwọ́ lù ú? Èmi tí mò ń tẹ̀ka títí mo fi jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù? Gideon aláṣọ ló ta ayédèrú yìí fún Jayéọlá. Nígbà tí Jayéọlá mọ̀, ojú tì í, ó ní òun á rì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí kó má baà tan ẹlòmíì jẹ. Tèmi gan-an tí mo fún un, ìyá mi ló fi òwú dúdú rán apá rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Jayéọlá ń kọ́ ọ sí, kó lè máa rí i tó bá jí."

Màmá Mọ́rẹ́ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó rọra jókòó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ bá Ọdẹkúnlé ní Ọjà-Ọ̀dàn.

"Àbúrò, èyí tó ya lápá yẹn? Mo ti fi ṣe òṣùká ẹ̀gẹ́ tipẹ́. Ó ti jẹrà sóko."

Mo kúrò níbẹ̀ láìdágbére. Ti Gideon, bó bá kí mi, mi ò ní dá a lóhùn. Wọ́n ní kí n dárí jì í. Mo ti gbọ́.

Mo ti yọ ayédèrú náà kúrò lára ògiri. Àwọn ẹ̀wù tó kù rèé, Mọ́rẹ́olúwa ń bi mí èwo ni ojúlówó, mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti lọ. Ojoojúmọ́ là ń ṣàárò yín, ojoojúmọ́ là ń wá ẹni tá a lè bi.

Mo fẹ́ràn yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn nìkan ni mi ò ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.