Òtẹ́ẹ̀lì Tó Rí Bí Akèrègbè

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Olówó kan ra ilẹ̀ ọ̀pẹ ní Ìgàndò, ó gé gbogbo igi tí bàbá mi ti ń dá ẹmu láti kékeré, ó wá kọ́ òtẹ́ẹ̀lì onígíláàsì tó rí bí akèrègbè síbẹ̀. Ó ní òun fi yẹ́ àwọn adẹ́mu sí ni. Yẹ́ ta sí?

Wọ́n ṣí i lónìí. Bàbá gbé ẹmu tí wọ́n lọ dá ní Ìṣẹ̀rí dání láti fi kí wọn. Máníjà dá wa dúró lẹ́nu géètì.

"Bàbá, ẹ má bínú, wáìnì nìkan là ń tà níbí. Ẹmu yín á rùn mọ́ àwọn àlejò lára."

Mo ní, "Ẹmu tí ẹ tìtorí ẹ̀ kọ́lé náà ló ń rùn?"

Bàbá fà mí lọ́wọ́. "Jẹ́ ká máa lọ, jàre."

Àwọn bíríkìlà tó kọ́ ilé ọ̀hún dúró sí títì, wọ́n ń wòran. A bu ẹmu fún wọn níbẹ̀. Máníjà ò jẹ́ káwọn náà wọlé.